Igi Iwájú Ọkọ̀ Ayọ̀délé

Létí ọ̀sà, níbi tí iyanrìn ti funfun bí ẹ̀kọ, tí ẹ̀fọn sì pọ̀ ju ọmọ ènìyàn lọ, ni ìlú Ebúté Àràbà wà láyé àtijọ́. Agbẹ́gilére méjì ló gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Ọ̀nàsanyà, èkejì ń jẹ́ Ṣówándé. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, wọn kì í ṣe ọmọ bàbá, ṣùgbọ́n ọ̀gá kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́. Nínú iṣẹ́ ọnà, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá èérún igi nílé ọ̀gá ni ẹ̀gbọ́n, Ọ̀nàsanyà ló sì kọ́kọ́ gbá a. Ṣówándé kì í kọjá níwájú ilé rẹ̀ láìdọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irùngbọ̀n àwọn méjèèjì jọ ń funfun ni.

Ká má purọ́, iṣẹ́ Ọ̀nàsanyà kì í ṣe kékeré. Àwọn òpó tó gbé òrùlé ilé Baálẹ̀ dúró, òun ló gbẹ́ wọn. Ilẹ̀kùn tí àlejò máa ń dúró wò títí kí ó tó rántí pé òun fẹ́ kan án, òun ló gbẹ́ ẹ. Nígbà tí ọ̀gá wọn pa ipò dà, tí àga olórí àwọn agbẹ́gilére sì ṣófo, gbogbo ìlú ló gbà pé òun ni yóò jókòó sórí rẹ̀. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ gbà á ju ìlú lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó fi í jẹ olórí, ó ti ń rìn bí olórí, ó ti ń fi imú dáhùn ìkíni. Àga nìkan ló kù.

Ní àdúgbò kan nínú ìlú yìí ni àwọn Àgùdà ń gbé, àwọn tí wọ́n kó òbí wọn lẹ́rú gba orí òkun lọ, tí àwọn ọmọ sì padà wálé lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ọkọ̀ onígbòkun kan ló gbé wọn dé. Kò sí ẹ̀rọ nínú ọkọ̀ náà, atẹ́gùn ló ń gbé e lọ. Òpó mẹ́ta ló nà ró lórí rẹ̀, aṣọ ńláńlá tí à ń pè ní ìgbòkun ni wọ́n sì ta mọ́ àwọn òpó wọ̀nyí. Ayọ̀délé ni àwọn èrò inú rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà forí sọ òkìtì yanrìn lẹ́nu òkun, ó fọ́, àwọn ará ìlú sì fi pákó rẹ̀ ṣe àtẹ́rígbà àti igi ìdáná. Bí ọkọ̀ ti lọ ni àwọn tó wọ̀ ọ́ wálé náà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku Ìyá Romáànà nìkan.

Ìyá yìí ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n iyè rẹ̀ mú bí abẹ. Ó tọ Baálẹ̀ lọ, ó ní òun ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun kan kí òun tó tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ òun. Ó ní kí wọ́n bá òun fi igi gbẹ́ àwòrán Ayọ̀délé, tòun ti òpó, tòun ti ìgbòkun, tòun ti okùn, kí wọ́n sì gbé e kọ́ sínú gbọ̀ngàn tí ìlú ti ń pàdé, kí àwọn ọmọ-ọmọ má baà rò pé ojú ọ̀run ni àwọn ìyá àgbà wọn ti já bọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ Baálẹ̀ lára. Ó ní kí ìyá fúnra rẹ̀ yan ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ, àti pé ẹni tó bá gbẹ́ ẹ tí ìyá sì dá a mọ̀, òun ni yóò jókòó sórí àga ọ̀gá tó kú.

Ọ̀nàsanyà kò dúró kí wọ́n ránṣẹ́ sí òun. Ó gé ìtì igi ọ̀mọ̀ kan sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára, ó sì kọjá sílé Ìyá Romáànà. Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu láti sọ bí ọkọ̀ náà ti rí ni ó dá a dúró. Ó ní kí ìyá má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, pé ta ni kò mọ bí ọkọ̀ ṣe ń rí? Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún ìyá, ẹni tó ti sùn nínú ọkọ̀, tó ti jí nínú ọkọ̀, bí ọkọ̀ tó gbé ìyá wálé ti rí. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó ní ó ṣeun, ó sì fún un ní omi mu.

Ní ọjọ́ kejì ni Ṣówándé dé. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi ọwọ́ tẹ́ iyanrìn tó wà níwájú ilé ìyá pẹrẹsẹ, ó fún ìyá ní ọ̀pá, ó ní, “Ìyá, ẹ yà á fún mi.” Ìyá yà á, ó pa á rẹ́, ó tún un yà, ó bá ara rẹ̀ jiyàn, ó sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, iyanrìn ti kún ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni ìyá ránṣẹ́ sí Baálẹ̀ pé Ṣówándé ni òun fẹ́.

Nígbà tí wọ́n sọ fún Ọ̀nàsanyà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, pé àbúrò òun náà yẹ ní ẹni à á gbé iṣẹ́ fún. Orí ahọ́n ni ẹ̀rín náà mọ. Bó ti délé, ó gbé àáké, ó la ìtì igi ọ̀mọ̀ rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó sọ ọ́ di igi ìdáná. Ẹfúnyẹlá ìyàwó rẹ̀, tó ń hun ẹní lábẹ́ igi, wò ó títí ó fi là á tán. Ó wá sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ pé àga kan ṣoṣo kọ́ ni ilé ayé, pé ilé àwọn kò ṣàì ní ìjókòó. Ọ̀nàsanyà ní kí ó gbájú mọ́ ẹní rẹ̀.

Àwọn ọkùnrin a máa sọ pé obìnrin ló ń jowú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ì bá rí Ọ̀nàsanyà lákòókò yẹn. Owú náà há a lọ́fun bí egungun ẹja. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bó bá ń gbẹ́ àpótí ìjókòó, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, àáké a yà, a sì gé ohun tí kò yẹ kó gé. Òjòwú ò lẹ́ran láyà. Láàárín oṣù díẹ̀, bùbá rẹ̀ ti ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ lára rẹ̀ bí aṣọ tí a fi kọ́ igi.

Kò lè jókòó sílé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò gba ọ̀nà ilé Ṣówándé lọ, yóò ní òun kàn ń kọjá ni. Ilé Ṣówándé ló sì kẹ́yìn lójú ọ̀nà yẹn. Téèyàn bá ti kọjá ibẹ̀, inú omi ló kù. Ṣówándé kò bi í ní ìbéèrè kankan. Á dọ̀bálẹ̀, á gbé àpótí fún un, á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́! Ṣówándé kò gbẹ́ ọkọ̀ náà láti inú ìtì igi kan bí a ti ń gbẹ́ ọkọ̀ àwọn apẹja. Egungun rẹ̀ ló kọ́kọ́ tò, bí egungun ìhà ẹja. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná, ó tẹ̀ wọ́n, ó sì tò wọ́n mọ́ egungun náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ikùn ọkọ̀ fi yọ. Ó fi ewé ìpín ha á títí ó fi ń dán bí èkùrọ́. Okùn tínínrín ni ó fi ìko lọ́ lórí itan rẹ̀. Ògbólógbòó ìró funfun kan tí Ìyá Romáànà mú wá ló gé ṣe ìgbòkun. Àgbá omi wà níbẹ̀, kò ju èkùrọ́ lọ. Àkàsọ̀ wà níbẹ̀. Kódà ilé adìyẹ wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀, nítorí ìyá rántí pé àkùkọ kan wà tí kì í jẹ́ kí àwọn sùn lórí òkun.

Ọ̀nàsanyà á jókòó, á máa wá àbùkù kiri ara ọkọ̀ náà bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ó wù ú kí ó burú. Kò burú. Ohun tó tilẹ̀ ń dùn ún jù ni pé ojú agbẹ́gilére ló ní, kò sì lè yá ojú ẹlòmíràn lò. Nígbà mìíràn, á tẹjú mọ́ bí pákó kan ti wọnú èkejì, á gbàgbé ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á ṣí sílẹ̀, inú rẹ̀ á máa dùn. Ìgbà tó bá wá rántí pé òun kọ́ lòun ṣe é, owú náà á tún padà dé, á sì le ju ti àná lọ. Lójú ọ̀nà bó bá ń padà lọ, á gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé, “Ṣé ẹ ti rí ọkọ̀ Ṣówándé?” Tẹ́lẹ̀ rí, ilẹ̀kùn tirẹ̀ ni wọ́n ń bi ara wọn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó ku igi kan. Ìyá Romáànà ti sọ pé igi kan yọ jáde níwájú Ayọ̀délé, tó nà sí orí omi, ṣùgbọ́n kò rántí bó ti gùn tó mọ́. Ṣówándé ti gbẹ́ kékeré kan, kò sì dá a lójú. Ó gbé e fún Ọ̀nàsanyà pé kí ẹ̀gbọ́n òun gba òun nímọ̀ràn.

Ọ̀nàsanyà gba igi náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Inú rẹ̀ sọ fún un pé ilẹ̀kùn ti ṣí. Ó ní, “Ó kúrú jù. Jẹ́ kí ó gùn ní ìlọ́po méjì, àní ìlọ́po mẹ́ta. Igi ayán ni kí o fi ṣe é, kí ó má baà tẹ̀. Kí o sì ṣe ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó.”

“Ṣé kò ní pọ̀ jù, ẹ̀gbọ́n?”

“Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.”

Ṣówándé dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ọ̀nàsanyà nìkan ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ náà dà bí ẹyẹ àkàlà, kí àwọn ọmọdé máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, kí Ìyá Romáànà sì wò ó kí ó ní, “Èyí kọ́.” Òun nìkan ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà bó ti ń lọ sílé, obìnrin kan tó pàdé rẹ̀ sì yà fún un.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fa ìyá wá sí ilé Ṣówándé, ó fi ọwọ́ rẹ̀ wo ọkọ̀ náà nítorí ojú rẹ̀ tó ti ń ṣú. Láti ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilé adìyẹ, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan okùn, ó fọwọ́ kan òpó, ó sì ń bọ̀ wá síwájú. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan igi gígùn náà, ó tẹ̀ lé e, ó tẹ̀ lé e títí dé ẹnu rẹ̀, ọwọ́ náà kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Omi bọ́ lójú ìyá.

Ó ní, “Ìdí igi yìí ni mo jókòó sí. Gbogbo ọjọ́ tí a lò lórí òkun, orí rẹ̀ ni mo ń wò, pé ibi tó bá kọjú sí ni ilé wà. Òun nìyí. Ayọ̀délé nìyí.”

Ṣówándé kì í ṣe ẹni tí í jẹ iyì oníyì. Ó sọ fún ìyá pé Ọ̀nàsanyà ẹ̀gbọ́n òun ló ní kí òun jẹ́ kí igi náà gùn tó bẹ́ẹ̀. Ìyá sì ṣe àdúrà fún Ọ̀nàsanyà, ó dárúkọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀melòó kan, pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbọ̀n, ojú rẹ̀ kò ní fọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú ti ń kí Ọ̀nàsanyà kú iṣẹ́. Ìkíni náà korò lẹ́tí rẹ̀ ju èébú lọ. Ó fẹ́ ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́, ó sì bá a parí rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan kù. Àṣà àwọn agbẹ́gilére ìlú náà ni pé wọn kì í gbé iṣẹ́ ńlá kọ́ títí àgbà kan nínú iṣẹ́ yóò fi wo títọ́ rẹ̀. Àgbà náà á dúró sí iwájú iṣẹ́, á di ojú kan, á fi èyí tó là sílẹ̀ wo iṣẹ́ náà gbọọrọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bó bá tọ́, á sọ ọ́ sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn pé, “Ó tọ́.” Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, dandan ni kí oníṣẹ́ tú iṣẹ́ rẹ̀ palẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀gá wọn ti kú, kò sí ẹni tó ṣe àgbà fún Ṣówándé nínú iṣẹ́ mọ́ àfi Ọ̀nàsanyà. Ẹnu rẹ̀ ni àga náà yóò gbà kọjá.

Ṣówándé gbé obì wá bẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ọ̀nàsanyà fi ọwọ́ méjèèjì gba obì náà, ó sì súre fún un. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ náà ni oúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ti pinnu ohun tí yóò sọ. Kò tọ́ ni yóò sọ. Bó bá ti sọ ọ́, Ṣówándé yóò tú ọkọ̀ náà ní pákó kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tó tún un tò, Ìyá Romáànà yóò ti lọ. Ta ni yóò wá dá ọkọ̀ kankan mọ̀ mọ́?

Ẹfúnyẹlá rí ayọ̀ náà lójú rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á. Ó gbé omi ìwẹ̀ fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá, ó ní, “Bàbá Àyìndé, bí iṣẹ́ náà bá tọ́ ńkọ́?”

Ọ̀nàsanyà ní, “Ẹnu ta ló máa gbọ́ ọ pé ó tọ́?”

“Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, mo ti ń wò ó bọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti la igi ọ̀mọ̀ yẹn. Kò dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún un.”

Ó ní kí ó lọ gbé agbádá òun wá.

Gbọ̀ngàn kún dẹ́múdẹ́mú lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti fi okùn méjì so ọkọ̀ náà kọ́ sára igi àjà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fà á sókè. Ó wà ní ìwọ̀n ibi tí ojú ènìyàn tó dúró mọ, kí àgbà lè wò ó. Bó bá ti ní ó tọ́, kí wọ́n fà á lọ sókè pátápátá. Okùn kẹta rọ̀ wálẹ̀ lábẹ́ iwájú rẹ̀, èyí tí wọn yóò fi dè é kí ó má máa yí. Iwájú ọkọ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Baálẹ̀ jókòó, Ìyá Romáànà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn èrò sì tò lọ́tùn-ún lósì. Àga ọ̀gá wà lápá kan, wọ́n da aṣọ funfun bò ó. Kí Ọ̀nàsanyà tó rí ọkọ̀, àga ló kọ́kọ́ rí.

Bí wọ́n ti kọ́ wọn láti wo títọ́ igi ni pé kí àgbà kọ́kọ́ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ó wo odindi iṣẹ́ náà láti ọ̀nà jíjìn, kí ó tó máa rọra sún mọ́ ọn. Ọ̀nàsanyà mọ̀ ọ́n; òun ló máa ń kọ́ àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ni yóò fi odindi ṣe? Àbùkù tíntín ló ń wá, òkèèrè kì í sì í ṣe ibi tí a ti ń rí àbùkù tíntín. Ó lọ tààrà sí iwájú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó di ojú òsì, ó sì gbé ojú ọ̀tún síbẹ̀.

Àwọn tó wà lọ́tùn-ún rí igi gígùn náà, dúdú, ṣóńṣó, tó na ẹnu sí i lójú. Àwọn tó wà lósì rí i. Ọ̀nàsanyà kò rí i. Igi tó bá tọ́ gan-an, tó sì kọjú sójú ènìyàn gan-an, kò ní gígùn kankan lójú onítọ̀hún. Ohun tó rí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, ó sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo òpó iwájú, òpó iwájú bo ti àárín mọ́lẹ̀. Ó wá ti ẹ̀yìn, ti àárín ti bò ó. Kò sí èyí tó yọ ẹsẹ̀ kan. Ó sún mọ́ ọn sí i. Ó tún sún mọ́ ọn.

Ẹnì kan ní, “Bàbá, ẹ rọra o.” Ó rò pé wọ́n ń bá Ṣówándé bẹ̀ ẹ́ ni. Ó gbọ́ ohùn Ẹfúnyẹlá láti àárín àwọn obìnrin, pé, “Bàbá Àyìndé, igi o.” Ó ní nínú ara rẹ̀ pé obìnrin yìí tún ti dé.

Nígbà náà ló rántí okùn kẹta. Bí òun bá rọra fà á díẹ̀, imú ọkọ̀ á yà sápá kan, òun á sì pe gbogbo ìlú pé kí wọ́n wá wo bó ti wọ́. Kò gbé ojú kúrò. Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó wá okùn náà kàn, ó sì fà á.

Ọkọ̀ tó rọ̀ sórí okùn kì í bá ẹni tó fà á jiyàn. Kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ó wá bá a gbọọrọ, bí ewúrẹ́ tí olówó rẹ̀ fa okùn ọrùn rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ọ̀nàsanyà kígbe. Gbọ̀ngàn dàrú. Ṣówándé ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbá a mú kí ó má baà ṣubú, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba àárín ìka Ọ̀nàsanyà jáde sí èjìká àbúrò rẹ̀. Baálẹ̀ ní kí wọ́n tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ títọ́ sílẹ̀ títí di ọjọ́ mìíràn. Wọ́n gbìyànjú láti gbé e, ó kọ̀. Ó ní kí wọ́n dá òun dúró ná, iṣẹ́ tí wọ́n pe òun sí kò tíì parí.

Ẹfúnyẹlá ti di apá rẹ̀ kejì mú. Èrò púpọ̀ ń retí pé èébú ni yóò bọ́ lẹ́nu rẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ ohun tó ń ṣe é, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́. Àgbàlagbà náà gbójú sókè sí ọkọ̀, ó fi ojú kan tó kù wò ó láti ibi tó dúró sí. Igi náà gùn gan-an. Ó wá yà á lẹ́nu bó ti gùn tó.

Ó ní, “Ó tọ́.”

Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́. Ó sì tún un sọ, “Ó tọ́, Ṣówándé. Ká ní ó wọ́, bó ti wù kí ó kéré mọ, ǹ bá ti rí i.”

Wọ́n fa Ayọ̀délé lọ sókè lọ́jọ́ náà, Ṣówándé sì jókòó sórí àga, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lórí rẹ̀ tó fi dìde tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílé oníṣègùn. Wọ́n fi ewé sí ojú náà, wọ́n fi omi sí i, kò là mọ́. N kò ní sọ fún yín pé owú náà tán pátápátá lára Ọ̀nàsanyà. Ọjọ́ mìíràn wà tí yóò wọ gbọ̀ngàn, tí yóò wo òkè, tí ojú rẹ̀ yóò korò. Ṣùgbọ́n kò wá àbùkù mọ́ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́ títí ó fi kú, bẹ́ẹ̀ ni ó sì máa ń tẹ́tí sí ìyàwó rẹ̀.

Ayé kò ṣàì bi í léèrè. Wọ́n á ní, “Bàbá, igi tó gùn tó yẹn, báwo ló ṣe jẹ́ tí ẹ ò rí i?” Kì í bínú sí ìbéèrè náà. Ó ní, “Ẹni tó wà lọ́tùn-ún rí i, ẹni tó wà lósì rí i. Ìyàwó mi ti rí i láti ilé. Èmi tí mo sún mọ́ ọn jù ni n kò rí i.” Ohun tó sì fi ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo ni àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n ń pa á lówe títí di òní olónìí pé: igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.